Ìnáwó Ló Ń Ka Ọjọ́ fún Òfì

 

Àkòrí ọ̀rọ̀ tí ẹgbẹ́ tó pè mí wá fún mi fẹ̀ ju wákàtí kan lọ: iṣẹ́ ọwọ́ àti ayẹyẹ ẹbí ní Ìṣẹ́yìn. Mo ti gé e kù. Àsìkò kan ṣoṣo nínú ọdún ni mo mú, ìyẹn ìgbà tí ọyẹ́ bá ti lọ tán tí òjò kò sì tíì dúró, láti ìparí oṣù Kejì títí wọ inú oṣù Kẹrin. Ìdí tí mo fi mú un ni pé ìgbà yẹn ni oko, òde àti òfì máa ń du ọwọ́ kan náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ nílùú yìí.

Ẹni tó bá wọ ìlú lásìkò náà, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Pápá tí iná jó dúdú lóṣù Kíní á ti máa rú ewé, bí òjò kò tilẹ̀ tíì rọ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Òdòdó pupa orí igi irú á ti di èso, àwọn ọmọdé á sì máa lá ìyẹ̀fun dídùn inú rẹ̀ bọ̀ láti ilé ìwé. Àwọn oníkajú á ti tẹ́ àpò síta. Lálẹ́ ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, èsúnsún á bo gílóòbù, wọn á gbé abọ́ omi sábẹ́ rẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, àgbẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wo ojú ọ̀run, á máa rò ó bóyá kóun gbin àgbàdo ni àbí kóun ní sùúrù, nítorí òjò àkọ́rọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tan èèyàn.

Àsìkò yìí kan náà ni ìnáwó kì í jẹ́ kí Sátidé kan lọ lásán. Ó yé wa bẹ́ẹ̀ náà ni. A ti kórè, a ti tà á, owó wà lọ́wọ́ díẹ̀. Ọ̀nà gbẹ, ọmọ tó wà ní Èkó lè dé láìrì sínú ẹrẹ̀. Kánópì kò ní jò sórí àlejò. Tí òjò bá ti wá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìnáwó kì í tán, ṣùgbọ́n ó máa ń dín. Ẹni tó ti ń fi ìsìnkú ìyá rẹ̀ sọ́jọ́ iwájú láti oṣù Kọkànlá á rí i pé àyè ti ń há, á sì yára mú ọjọ́.

Oṣù àwọn Mùsùlùmí tún wá dá sí i. Nǹkan bí ọjọ́ 11 ló fi ń ṣáájú lọ́dọọdún, kì í dúró lójú kan. Ní 2025, ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ni ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ bọ́ sí ní Nàìjíríà. Àjíǹde bọ́ sí ọjọ́ 20 oṣù Kẹrin. Ní ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ tó báyìí, ẹni tí kò bá gbéyàwó kí ààwẹ̀ tó dé á dúró di ìgbà tí oṣù bá lé, gbogbo wọn á wá rọ́ jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ahunṣọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní láti mọ oṣù Lárúbáwá, kó mọ oṣù Òyìnbó, kó sì mọ ìwà òjò. Mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn nílùú yìí tó ń béèrè ìmọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ohun tí mo wá sọ rèé. Àwọn olóṣèlú máa ń sọ fún wa pé ìfẹ́ àṣà ló mú kí òfì Ìṣẹ́yìn ṣì máa dún. Ọ̀rọ̀ tó dùn létí ni, ṣùgbọ́n kò sí ìfẹ́ àṣà kan tó ra gèlè 40 rí. Àwọn tó ń ra gèlè 40 ni ẹbí ìyàwó, ẹbí òkú àgbà, ẹgbẹ́ tí ọ̀rẹ́ wọn fẹ́ jẹ oyè. Àwọn ni ọjà òfì. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú ni òfì ń bá sáré, bí wọ́n ṣe ń mú ọjọ́ náà ló sì ń sọ bóyá ahunṣọ á jẹun dáadáa tàbí kò ní jẹun. Tí aṣọ òfì bá wá kú ní Òkè-Ògùn lọ́la, ọ̀dọ̀ àwa tí a ń náwó ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wá ẹni tó pa á.

Àlejò wà láàárín wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí òfì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ahunṣọ jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìtẹ̀sẹ̀ méjì. Òwú tó ta gba inú ọmú kọjá níwájú rẹ̀, ó sì lọ gbọọrọ lórí ilẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n so ó mọ́ òkúta tàbí ohun mìíràn tó wúwo. Ẹrù yẹn ló ń fa òwú le. Bó ṣe ń tẹ ìtẹ̀sẹ̀ kan, òwú á lanu. Á ju ọkọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí òsì, á lù ú pa, á tẹ ìkejì, òwú á tún lanu lódì kejì. Bó ṣe ń ká èyí tó ti hun mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ń wọ́ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó ń jáde kò fẹ̀ ju ìnṣì 4 sí 6 lọ. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Tẹ́lọ̀ ló máa wá rán ọ̀já mọ́ ọ̀já kó tó di ìró, kó tó di agbádá.

Ẹ wo ohun tí ojú ọjọ́ ń ṣe sí i. Ọyẹ́ máa ń gbẹ òwú, òwú gbígbẹ kì í pẹ́ já, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi omi ẹ̀kọ tàbí sítáàṣì pa á lára kó lè le. Eruku ọyẹ́ tún máa ń bà lé òwú funfun. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá dé, afẹ́fẹ́ á rọ̀, òwú á gbọ́ràn, ọwọ́ ahunṣọ á yá. Ṣùgbọ́n òwú tó ta yẹn kò lè wà lábẹ́ òrùlé tán. Ìdajì rẹ̀ wà níta gbangba. Ìjì òjò àkọ́rọ̀ kì í sì í ránṣẹ́ síwájú. Ní ọ̀sán tí ojú ọ̀run bá ṣú lójijì, gbogbo àdúgbò á dìde lẹ́ẹ̀kan: àwọn tó ti ń fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ sọ̀rọ̀ ní pẹ̀lẹ́tù á bẹ́ sílẹ̀, wọn á máa ká òwú, wọn á máa pe orúkọ ọmọṣẹ́ tó ti lọ ra kókó. Aṣọ tó yẹ kó parí ní Ọjọ́bọ̀ á di ti Àìkú. Ìyàwó sì rèé, Sátidé ni.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àná. Hugh Clapperton, ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí ọdún 1825, ó sì gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá lọ sókè. Nígbà tó dé Ìjànnà, ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, ó rí ilé kan tí òfì mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ti ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì wọ ilé aláró tí ìkòkò inú rẹ̀ ju 20 lọ.   Nígbà tí ẹgbẹ́ tó ń rí sí gbígbin òwú, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Manchester ní 1902, wá dé, kì í ṣe aṣọ wa ni wọ́n wá rà. Òwú ni wọ́n fẹ́ kí a gbìn, kí àwọn kó o lọ fún ẹ̀rọ Lancashire, kí a wá tún ra aṣọ rẹ̀ padà.

Aṣọ mẹ́ta làwọn àgbà máa ń kọ́kọ́ dárúkọ: sányán, àlàárì, ẹtù. Èmi á fi èyí tó ṣòro jù ṣíwájú. Inú igbó ọ̀dàn ni kòkòrò sányán wà. Àwọn ìdin rẹ̀ máa ń kóra jọ pọ̀ kọ́ ìtẹ́ kan ṣoṣo sára igi. Ẹni tó bá rí ìtẹ́ náà á já a wálé, á sè é nínú omi eérú títí ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn á fi yọ́, á sá a, á wá ran án bí wọ́n ṣe ń ran òwú. Kò nílò aró. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, ó sì máa ń dán bí oòrùn bá tàn sí i. Ẹ rò ó wò bí ìtẹ́ tí yóò tó agbádá kan ṣe pọ̀ tó, ẹ ó mọ ìdí tó fi jẹ́ aṣọ ọlọ́lá. Ohun tí ẹ ń rí lórí Facebook lónìí tí wọ́n ń pè ní sányán, òwú ilé iṣẹ́ tí wọ́n pa láró sí àwọ̀ yẹn ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí olùtà sọ fún olùrà.

Ní ti àlàárì, ọ̀nà jíjìn ló ti wá: sílíìkì pupa tí wọ́n ń fi ràkúnmí gbé la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá láti Tripoli dé Kano, tí àwọn oníṣòwò wá ń kó sọ̀kalẹ̀ wá bá wa. Àgbà tó bá fi àlàárì bora lóde ìsìnkú nígbà náà, ohun tó wọ́ mọ́ra ti rìn jù ú lọ. Ẹtù ní tirẹ̀, ilé aláró la ti ń bí i, nínú ewé èlú tí wọ́n gún, tí wọ́n sá, tí wọ́n rẹ sínú omi eérú, tí wọ́n wá ri òwú bọ̀ léraléra títí á fi dúdú tí á fẹ́rẹ̀ẹ́ má jọ búlúù mọ́. Iṣẹ́ obìnrin ni aró. Ìyá Mọ̀pó ni òrìṣà tí àwọn aláró ń bẹ̀, òkè rẹ̀ ṣì dúró ní Ìgbẹ́tì, nínú Òkè-Ògùn wa níbí. Ìkòkò aró ló ti di ọ̀wọ́n.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìnáwó. Ìsọmọlórúkọ kì í mú iṣẹ́ púpọ̀ wá bá òfì. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ni wọ́n fúnni, kò sẹ́ni tó lè hun ànkóò nínú rẹ̀. Ohun tó wà nínú àpótí ni ìyá ọmọ máa ń wọ̀. Ìyàwó ni owó gidi wà. Ní ilé Mùsùlùmí, ọmọbìnrin tó ti ka Kùránì parí á kọ́kọ́ ṣe wòlímọ́tù, ó lè jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìyàwó gan-an, aṣọ tọ̀hún sì yàtọ̀ sí ti ọjọ́ kejì. Ẹbí ọkọ ní àwọ̀ tiwọn, ẹbí ìyàwó ní tiwọn, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó tún fẹ́ ti wọn, ìyá ìyàwó kò sì ní fẹ́ kí ti òun bá ti ẹnikẹ́ni dọ́gba.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nípàdé ẹbí, kí ẹni tó bá mọ ara rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà á jókòó. Àbúrò ìyá ìyàwó tó ń gbé l'Ékòó á ní àwọ̀ àlùbọ́sà ló ń lọ lọ́wọ́. Ìyá àgbà á béèrè pé irú àlùbọ́sà wo, pupa ni àbí funfun. Ẹnìkan á gbé fóònù jáde, á fi àwòrán hàn. Àwọ̀ tó wà lórí fóònù kò bá ti òwú ọjà mu, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Wọ́n á jiyàn títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á túká láìfẹnu kò, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ti lọ kí wọ́n tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí ahunṣọ lórí WhatsApp. Ahunṣọ á béèrè owó àsansílẹ̀. Wọ́n á ní kó máa bá iṣẹ́ lọ, àwọn kì í ṣe sálọsálọ. Òwú ń kọ́? Owó ni wọ́n fi ń ra òwú. Ó ti di ọ̀sẹ̀ kejì ṣáájú ìyàwó kí owó tó wọlé, ọ̀sẹ̀ tí òjò àkọ́rọ̀ sì fẹ́ rọ̀ gan-an nìyẹn.

Ìsìnkú tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òkú àgbà tó fi ọmọ mẹ́fà sáyé, ọmọ kọ̀ọ̀kan ló máa kó ẹgbẹ́ tirẹ̀ wá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló máa dá àwọ̀ tirẹ̀. Ẹni tó bá dúró sí ọ̀ọ́kán á rí i bí wọ́n ṣe ń jó wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníwàásù máa ń bá wa wí nípa ìná-àpà yìí, wọ́n sì jàre: mo mọ ilé tí gbèsè òkú kò tán kí òkú mìíràn tó dé. Síbẹ̀, ní ojú òfì, gèlè ẹgbẹ́ mẹ́fà yẹn ni owó ilé ìwé ọmọ ahunṣọ. N kò lè sọ pé kí a dẹ́kun ìnáwó ní Ìṣẹ́yìn, kí n tún sọ pé kí òfì gbèrú. Ọ̀kan á pa èkejì.

Mo fẹ́ kí ẹ bá mi rin ìrìn àjò kékeré kan. Ìlú kan wà ní ìwọ̀-oòrùn Austria, ní ìpínlẹ̀ Vorarlberg, lẹ́bàá odò Rhine tó pààlà wọn pẹ̀lú Switzerland. Lustenau lorúkọ rẹ̀. Èèyàn inú rẹ̀ ju 20,000 lọ. Lójú tiwa, àdúgbò kan ni. Ní ìparí òtútù, nígbà tí yìnyín bá ń yọ́, àwọn ará agbègbè yẹn máa ń kó igi jọ gogoro, wọ́n á gbé ère àjẹ́ lé e lórí, wọ́n á sun ún lálẹ́ ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú Lẹ́ńtì, kí òtútù lè kọjá lọ. Tọkọtaya, ọmọ, ìyá àgbà, gbogbo wọn á jáde wá wò ó, wọ́n á sì jẹ ìyẹ̀fun dídín. Ìlú kékeré, ẹbí, òtútù tó ń lọ. Ẹ ó ní kí ló kàn wá.

Léèsì ló kàn wá. Lustenau àti àwọn ìletò tó yí i ká ni ọ̀pọ̀ léèsì tí àwọn òbí wa wọ̀ ti wá. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni àwọn oníṣòwò Nàìjíríà, tí obìnrin pọ̀ nínú wọn, ti ń bá wọn dòwò. Àwọn obìnrin yìí kò kàn ra ohun tó wà nílẹ̀. Wọ́n ń jókòó ti àwọn ẹlẹ́rọ, wọ́n ń sọ irú òdòdó tí òde Èkó fẹ́, wọ́n ń yan àwọ̀, wọ́n ń sọ ọjọ́ tí ẹrù gbọ́dọ̀ jáde. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé iṣẹ́ náà jẹ́ ti ẹbí, bàbá àti ọmọ. Owó epo rọ̀bì wá dé ọwọ́ wa ní àwọn ọdún 1970, léèsì bo gbogbo òde. Nígbà tí ìjọba ológun fòfin de léèsì àtòkèrè láàárín àwọn ọdún kan náà, ìdágìrì bá Lustenau. Òfin tí wọ́n ṣe l'Ékòó dun àwọn èèyàn lẹ́bàá odò Rhine. Ní 2010, ilé ọnà ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Vienna pàtẹ ìtàn léèsì yìí fún ayé rí, wọ́n sì gbé àtẹ náà wá sí Èkó lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

N kò sọ èyí láti fi bú ará Austria. Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n sì gba owó iṣẹ́ wọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé òde wa ti fi hàn pé ó lè bọ́ ìlú kan gbáà, láti ìran bàbá dé ìran ọmọ. Ẹ tún kíyè sí bí a ṣe bá wọn ṣe é. A máa ń kọ̀wé ọjà ṣáájú, nítorí ọkọ̀ òfuurufú àti kọ́sítọ́ọ̀mù ń bẹ lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí Lustenau ní ọ̀sẹ̀ kejì ṣáájú ìsìnkú kó wá ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi kún un." Ahunṣọ tó wà ní ojúlé kẹta la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Àwọn tó jìnnà sí wa mọ iyì aṣọ òfì wa. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, aṣọ ọlọ́já wa ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Èkó lọ sí Bahia ní Brazil, tí wọ́n ń pè ní pano da costa. Àwọn ìyálórìṣà Salvador, olú ìlú Bahia, ṣì máa ń gbé e kọ́ èjìká lọ́jọ́ ọdún. Ní Ilé Àṣẹ Opó Àfọ̀njá, ilé òrìṣà kan níbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1910, yàrá ìhunṣọ kan wà tí wọ́n ń pè ní ilé alaká, níbi tí wọ́n ti ń hun ún fúnra wọn. Ẹrú la òkun kọjá, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń wá ohun tí àwa ń béèrè pé ṣé owó rẹ̀ kò lè dín sí i.

Ọ̀rọ̀ owó yẹn ń bí mi nínú, ẹ jẹ́ kí n dúró tì í. Ẹni tó ń náwó kì í ná ọjà lọ́dọ̀ onílù. Kì í sọ fún alásè pé kó mú ẹran dín kó tún dín owó. Ẹni tó ń yàwòrán, iye tó bá pè ni wọ́n ń san. Lọ́dọ̀ ahunṣọ nìkan ni ọmọlúàbí á ti gbàgbé ara rẹ̀, á ní "owó òwú náà ńkọ́, kí ló wá kù?" Ohun tó kù ni ọ̀sán àti òru, ẹ̀yìn tó ń ro ni, àti ojú tó ń ka òwú lábẹ́ iná tó lè lọ nígbàkúùgbà. Nígbà tí ahunṣọ bá sì gbà, tó gba owó kékeré, á lọ fi òwú tí kò dára ṣe é, á fi ọ̀já díẹ̀ há ìró, aṣọ náà kò ní pẹ́ ṣá, a ó wá ní aṣọ òkè ti òde òní kò nípọn bíi ti àtijọ́. Nípọn wo la sanwó fún?

Àwọn kan ti rí àyè yìí. Aṣọ tí ẹ̀rọ hun lókè òkun, tó fi àwòrán òfì tàn wá jẹ, ti wà lọ́jà. Ó fẹ̀ bí aṣọ yòókù, kò ní ojú ìrán, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ kò tó ìdajì. Fún ẹni tó ń wá àwọ̀ fún òde ọjọ́ kan, ó tó. N kò rò pé òfin ló máa lé e lọ. A ti rí i bí òfin léèsì ṣe parí, inú àpò la gbé e gbà wọlé. Ohun tó lè lé e sẹ́yìn ni kí ọ̀pọ̀ wa mọ ohun tí a ń rà. Ẹ yí aṣọ náà padà. Ti òfì ní ojú ìrán láàárín ọ̀já àti ọ̀já.

Ojú ìrán yẹn gan-an ni ọrọ̀ rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n rán pọ̀ ṣeé tú. Ìró ìyá àgbà tí eku jẹ nígun, ẹ lè tú ọ̀já tó bàjẹ́ sílẹ̀, ẹ fi ọ̀já tuntun rọ́pò, tàbí kí ẹ tú gbogbo rẹ̀ kí ẹ fi rán fìlà fún àwọn ọmọkùnrin ilé. Mo ti rí ìyàwó tó jókòó lóde pẹ̀lú ìborùn tí ọ̀já ìyá rẹ̀ àti ti ìyá ọkọ rẹ̀ tẹ̀lé ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí léèsì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sì kó ìpalára bá ahunṣọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ náà ni wọ́n á gbé e wá pé kó bá wọn hun ọ̀já tó bá a mu.

Òjò tún kan ahunṣọ lọ́nà mìíràn. Ọ̀pọ̀ ahunṣọ wa ni àgbẹ̀. Lọ́jọ́ tí òjò bá ti rọ̀ tó, ẹni tó bá dúró lójú òfì ń pàdánù àgbàdo, ẹni tó bá lọ sóko ń pàdánù ìyàwó Sátidé. Ọmọṣẹ́ náà ní ọ̀kadà níwájú rẹ̀ tó ń mówó wọlé lójoojúmọ́. Òwú wa gan-an kò ti oko wá mọ́, ilé iṣẹ́ ló ti ń wá, iye rẹ̀ sì ń tẹ̀lé iye dọ́là. Bẹ́ẹ̀ ìdídò Ìkéré Gorge, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, tí wọ́n ní ó máa bomi rin oko. Ẹ bá mi bi àwọn tó ń wá bẹ̀ wá fún ìbò bóyá oko òwú wà nínú rẹ̀.

Ohun kan ń dùn mọ́ mi nínú. Òfì tí a ń jókòó tì, ti ọkùnrin la máa ń pè é. Obìnrin ní òfì òòró tirẹ̀, tó ń hun aṣọ fífẹ̀ bíi kíjìpá nínú ilé. Lónìí, àwọn ọmọbìnrin ti jókòó sórí òfì ọkùnrin ní Ìlọrin, ní Ọ̀yọ́, ní Èkó, wọ́n sì ń hun aṣọ tí òde ń jà sí. Àwọn kan nínú wọn ló ń fi fóònù ta iṣẹ́ wọn tààrà, tí wọn kì í sì í gbé òwú sórí òfì láìrí owó àsansílẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ọ̀gá ahunṣọ tó jókòó níwájú yìí bá wọn sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń gbowó.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ìyàwó ọmọ lóṣù Kejìlá, òwú rẹ̀ yẹ kó ti wà lórí òfì kí a tó kórè àgbàdo àkọ́rọ̀, ìdajì owó á sì ti wà lọ́wọ́ ahunṣọ. Ẹni tó bá ní ti oṣù Kẹta, kó jẹ́ kó parí kí ọyẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ òwú. Ẹgbẹ́ tó pè mí yìí ní ìwé tí wọ́n ń kọ ọjọ́ ìnáwó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ìlà kan kún un, èyí tí wọ́n á kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ aṣọ dé ọwọ́ ahunṣọ sí, kí wọ́n sì máa kà á nípàdé bí wọ́n ṣe ń ka owó oṣù.

Iye tó yẹ kí a san, n kò ní dá sí i. Àwọn tó ń hun ún ló mọ̀, wọ́n sì ti jókòó síbí láti àárọ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ gba máìkì lọ́wọ́ mi.